Kéèkì Òṣùpá láti Guangzhou dé Beijing: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò Ajẹun

Oṣù kẹjọ òṣùpá, ọjọ́ kẹfà. Guangzhou

Kàlẹ́ńdà òṣùpá ni a fi ka ọjọ́ nínú àkọsílẹ̀ yìí, nítorí òun náà ni àwọn tó ń yan kéèkì òṣùpá fi ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ni Zhongqiu, àjọ̀dún àárín ìgbà ìwọ́wé tí àwọn ará China máa ń jẹ kéèkì yìí. Lọ́dún 2025 ó bọ́ sí 6 Oṣù Kẹwàá. Lọ́dún 2026, 25 Oṣù Kẹsàn-án ni. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ kéèkì yìí wò bó ṣe yẹ, kó ti wà ní China ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Tó bá fi máa di ọjọ́ àjọ̀dún gan-an, ọjà tó dáa ti lọ, àṣàkù ló máa bá lórí káńtà.

Kí owó tó kúrò lápò, ẹ mọ èyí: kéèkì òṣùpá kì í ṣe oúnjẹ kan ṣoṣo. Irú kan wà tí ọjọ́ méjì gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀ kó tó ṣeé jẹ; irú mìíràn sì wà tó jẹ́ pé kí wákàtí méjì tó pé, adùn rẹ̀ ti lọ. Nínú àwọn tó ń sọ pé "ó kàn dùn gbẹrẹfu ni" tàbí "ó le bí òkúta", ọ̀pọ̀ ló jẹ ẹ́ lásìkò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Guangzhou ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ti máa ń sọ̀ kalẹ̀. Xiaobei àti Sanyuanli tí gbogbo wọn mọ̀, àdúgbò ọjà ni. Wọn kì í lọ síbẹ̀ nítorí kéèkì. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, Láìnì 1, kí ẹ sọ̀ ní Changshou Lu, ní àdúgbò Xiguan. Ní òpópónà Dishifu ni Lianxianglou wà, ilé tó ti ń ta kéèkì láti 1889, tí òkìkí rẹ̀ sì dá lórí kóró lótọ́ọ̀sì lílọ̀ (lótọ́ọ̀sì ni òdòdó orí omi tó fara jọ òṣíbàtà). Taotaoju, tó ti wà láti 1880, kò jìnnà síbẹ̀. Guangzhou Jiujia, ti 1935, wà ní ìkóríta Wenchang.

Ẹ má tíì ra páálí. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń tà ní ẹyọ, kí ẹ mú méjì: ọ̀kan tó ní pupa ẹyin kan, ọ̀kan tí kò ní rárá. Olópupa méjì ni gbogbo ayé fi ń ṣe fújà, àmọ́ lójú tiwa, àṣejù ni. Nínú kéèkì gíráàmù 185, pupa ẹyin méjì ti gba àyè lọ́wọ́ lótọ́ọ̀sì, iyọ̀ á wá bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Pupa kan tó.

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó dáa nìyí. Èèpo rẹ̀ á máa dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á lára, á sì rọ̀ díẹ̀ bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Àwòrán orí rẹ̀ á hàn ketekete, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ní là. Bí ẹ bá gé e, kò gbọdọ̀ sí àlàfo láàárín èèpo àti ohun inú rẹ̀. Pupa ẹyin náà á pọ́n bí epo, ara rẹ̀ á rí bí iyanrìn, òróró á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀. Bó bá ń fà bí rọ́bà, wọ́n ti yan án jù. Lótọ́ọ̀sì tó dáa máa ń yọ́ lẹ́nu. Bó bá korò díẹ̀, a jẹ́ pé wọn ò yọ ọ̀mùnú aláwọ̀ ewé tó wà láàárín kóró náà kúrò dáadáa.

Ẹ gé e sí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kí ẹ máa nu ọ̀bẹ lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe oúnjẹ tí ẹnì kan ń dá jẹ. Kálórì bíi 800 ló wà nínú olópupa-méjì gíráàmù 185, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oúnjẹ ọ̀sán méjì. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó fi ègé kan mọ. Tíì dúdú pu'er ni ká fi sìn ín, láìsí ṣúgà àti mílíìkì. Kíkorò tíì náà ló ń fọ ọ̀rá kúrò lórí ahọ́n kí ègé kejì tó wọlé.

Ọjọ́ keje. Guangzhou, nídìí ààrò

Lónìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni a fẹ́ sọ, nítorí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà kò ní jẹ́ kí wọ́n tan òun lọ́jà.

Omi ṣúgà ni ìpìlẹ̀. Ṣúgà funfun gíráàmù 400, omi 200, omi lẹ́mọ́ọ̀nù 50. Ẹ rò ó títí ṣúgà yóò fi yọ́, àmọ́ bó bá ti hó, ẹ má fi ṣíbí kàn án mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣúgà á padà dì. Ẹ jẹ́ kó wà lórí iná jẹ́jẹ́, bí ogójì ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dà bíi ti oyin, tí ooru rẹ̀ á sì fi tó bí 114 °C. Kíkan lẹ́mọ́ọ̀nù náà ló ń pín ṣúgà yẹ́lẹyẹ̀lẹ kó má bàa dì mọ́, òun ló sì ń jẹ́ kí èèpo kéèkì rọ̀ lẹ́yìn yíyan. Ẹ dà á sínú ìgò kó lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán. Èyí tó lo oṣù mélòó kan sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èèpo: ìyẹ̀fun kéèkì gíráàmù 100, kì í ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì, omi ṣúgà 75, òróró ẹ̀pà 25, jianshui 1.5 sí 2. Omi eérú ni jianshui láyé àtijọ́. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò báyìí, kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ omi ni. Ẹni tí kò bá rí i rà ní Èkó tàbí London lè tẹ́ sódà ìyan-kéèkì sínú páànù, kó gbé e sínú ààrò ní 120 °C fún wákàtí kan, kó wá po gíráàmù 1 rẹ̀ mọ́ omi gíráàmù 4. Ẹ ṣọ́ra fún awọ ọwọ́. Omi ṣúgà àti jianshui lẹ máa kọ́kọ́ lù pọ̀, kí òróró tó wọlé, kí ìyẹ̀fun tó tẹ̀lé e. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti di ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀. Pípò rẹpẹtẹ ló ń mú kó fà. Ẹ bò ó fún wákàtí méjì.

Ohun inú: kóró lótọ́ọ̀sì gbígbẹ gíráàmù 500, ṣúgà 400, òróró ẹ̀pà 200. Ẹ rẹ kóró náà sómi mọ́jú, ẹ là á, ẹ yọ ọ̀mùnú rẹ̀ dànù, ẹ sè é títí á fi fọ́ lábẹ́ ìka. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá rò ó lórí iná bí ẹni ro àmàlà, kí ẹ máa da òróró sí i ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ ò gbọdọ̀ dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní gbà á, òróró á kàn máa léfòó ni. Bó bá ti ń ṣí kúrò lára ìkòkò láìlẹ̀ mọ́ ọn, ó ti jinná. Iṣẹ́ apá ni, wákàtí kan ó kéré tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá èrè kíákíá fi ń po ẹ̀wà funfun mọ́ ọn. Òfin ìwọ̀n ilẹ̀ China, GB/T 19855, sọ pé bí wọ́n bá yọ òróró àti ṣúgà kúrò, lótọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ dín sí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó lè pè é ní kéèkì lótọ́ọ̀sì. Èyí tó bá jẹ́ lótọ́ọ̀sì pọ́ńbélé nìkan ló lè kọ 纯莲蓉 sára páálí. Ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Ní ti kéèkì òṣùpá ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ti síróbẹ́rì olówó pọ́ọ́kú, elégédé funfun tí wọ́n fi òórùn àti àwọ̀ sí ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú wọn. A kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń rà á.

Pupa ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tó ti lo bí oṣù kan nínú iyọ̀ ni wọ́n ń lò. Ẹ fi ọtí ìrẹsì pa á lára kí òórùn ẹyin lè lọ, ẹ yan án ní 160 °C fún bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kí ẹ sì gbé e jáde gbàrà tí òróró bá ti ń yọ nídìí rẹ̀.

Fún ìtẹ̀ (ohun tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára kéèkì) gíráàmù 50, ẹ lo èèpo 15, ohun inú 35. Àwọn ọ̀gá máa ń lo 10 sí 40, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò ní rí i bò. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti èèpo náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí á fi bo ohun inú, ẹ wọ́n ìyẹ̀fun fẹ́ẹ́rẹ́ sínú ìtẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fọ́n omi sí i lára kó má bàa là, kó wọ ààrò ní 200 °C fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí àwòrán rẹ̀ lè dì mú. Ẹ gbé e jáde, kó tutù díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ pa pupa ẹyin tí ẹ ti sẹ́ sí i lórí nìkan, ó kéré bó bá ṣe lè kéré tó. Ẹ dá a padà ní 180 °C fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀? Bí ìdí rẹ̀ bá fẹ̀ jáde bíi bàtà, omi ṣúgà ló ṣàn jù tàbí àpòpọ̀ ìyẹ̀fun ló rọ̀ jù. Bí àwòrán bá parẹ́, pupa ẹyin ló pọ̀ lórí rẹ̀, tàbí jianshui ló pọ̀ jù. Jianshui tó pọ̀ jù á tún sọ ọ́ di dúdú. Èyí tó kéré jù á jẹ́ kó funfun ràkọ̀ràkọ̀. Bí èèpo bá ṣí kúrò lára ohun inú, ìyẹ̀fun gbígbẹ ti wà láàárín àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ń bò ó. Bó bá là, ó pẹ́ jù nínú ààrò, ohun inú rẹ̀ ti ń hó.

Gbogbo ìyọnu yìí, bó bá jáde báyìí, kò tíì ṣeé jẹ. Èèpo rẹ̀ á le, á gbẹ. Ẹ dè é pa sínú ike, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí òróró àti omi inú rẹ̀ lè wọ èèpo. *Huiyou* ni wọ́n ń pè é. Ìgbà yẹn ló máa dán, tó máa rọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n yan án, bísíkíìtì ló jẹ.

Ọjọ́ kẹjọ. Guangzhou

Wuren. Kò sí kéèkì òṣùpá tí wọ́n bú tó o. Ní nǹkan bíi 2013, àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní China sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ pé kí wuren kúrò nínú ẹbí kéèkì òṣùpá. A ò sí lẹ́yìn wọn. Wuren burúkú ni wọ́n jẹ.

Kóró márùn-ún ni: ọmọ inú kóró ápíríkọ́ọ̀tì, wọ́nọ́ọ̀tì, kóró ólífì ilẹ̀ China, kóró bàrà tó jẹ́ ẹbí ẹ̀gúsí, àti yànmọ̀ntì. Ti Guangdong, ìpínlẹ̀ tí Guangzhou wà, tún máa ń ní elégédé funfun tí wọ́n rẹ sínú ṣúgà, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ṣúgà sọ di bíi gíláàsì, àti ẹran ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ láti Jinhua. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, iyọ̀ ẹran yẹn ló máa ń gé adùn ṣúgà, kóró kọ̀ọ̀kan á sì máa sọ tirẹ̀ lábẹ́ eyín. Ohun tó ń bà á jẹ́ kò ju méjì lọ: kóró tó ti pẹ́ tí òróró rẹ̀ ti kan, àti èèpo ọsàn pupa àti aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń dí àyè kóró tó wọ́n.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣe é: kóró gíráàmù 500, ẹ yan ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ní 150 °C torí yànmọ̀ntì máa ń jóná ṣáájú wọ́nọ́ọ̀tì, ṣúgà 100, omi 100, òróró 60, ìyẹ̀fun ìrẹsì alálẹ̀ tí wọ́n ti yan tẹ́lẹ̀ 110. Ìyẹ̀fun yìí ló ń so wọ́n pọ̀. Bó bá kéré, kéèkì á tú ká lábẹ́ ọ̀bẹ. Bó bá pọ̀, ẹ ti mọ bíríkì.

Ọ̀rọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí, àti ẹnikẹ́ni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀: wuren Guangdong kò yẹ yín. Lótọ́ọ̀sì tí wọ́n fi òróró ẹ̀pà ṣe lè má ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n nílé ìyan kan náà ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì. Ẹ wá 清真 lára páálí, àmì hàláàlì nìyẹn. Bí ẹ bá rí 猪油, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹ dá a padà sórí káńtà.

Ní ti páálí aláràbarà tó kún gbogbo ìsọ̀ lásìkò yìí, ẹ̀bùn ni, kì í ṣe oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ títí àjọ̀dún á fi kọjá láìsí ẹni tó ṣí i. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2013, àjọ tó ń rí sí ìwà ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣàkóso China fòfin de fífi owó ìjọba ra kéèkì òṣùpá fi tọrẹ. Láti 15 Oṣù Kẹjọ 2022, ìpele ìdì rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ mọ́, owó ìdì èyí tó bá sì ju yuan 100 lọ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ń tà á. Ó dín páálí onísílíkì kù. Kò sọ kéèkì inú rẹ̀ di adùn-bí-oyin.

Ọjọ́ kẹsàn-án. Hong Kong

Ọkọ̀ ojú irin ayára láti Guangzhou South dé West Kowloon kò ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó ní páàsì Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ti gba físà Hong Kong ṣáájú, físà China rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní rí ọ̀nà padà. Ẹni tí kò bá ní méjèèjì kó fo ojú ewé yìí, kó gba Guangzhou lọ sí Chaozhou tààrà.

Páálí kéèkì mẹ́rin olópupa-méjì níbí lè tó HK$300 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Nítorí owó yẹn ni àwọn ará Hong Kong ṣe ní ẹgbẹ́ kéèkì òṣùpá látijọ́, tó dà bí àjọ wa gan-an: èèyàn á máa san owó kékeré lóṣooṣù fún ilé kéèkì tàbí ilé tíì, bí oṣù kẹjọ bá súnmọ́, á lọ kó páálí tirẹ̀ fún ẹbí àti ọ̀gá iṣẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kéèkì ló ń kó, kì í ṣe owó.

Méjì ni Hong Kong fi kún kéèkì òṣùpá. Àkọ́kọ́ ni bingpi, aláwọ̀ yìnyín, tí ilé búrẹ́dì Taipan gbé jáde ní 1989. Kò wọ ààrò rárá. Ìyẹ̀fun ìrẹsì alálẹ̀ gíráàmù 50, ìyẹ̀fun ìrẹsì lásán 40, ìdà àlìkámà 25, ṣúgà lúbúlúbú 50, mílíìkì 190, òróró 20. Ẹ sẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ fi ooru omi sè é fún bí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, ẹ pò ó nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, kó wọ fíríìjì kí ẹ tó fi bo ohun inú. Ìyẹ̀fun tí ẹ máa wọ́n sínú ìtẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ti yan lórí iná, torí kéèkì yìí kò tún ní rí iná mọ́. Ọjọ́ kejì ni òpin adùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fíríìjì á mú kí ìdà inú rẹ̀ le, á dà bí ẹ̀kọ tó sùn. Lójú tiwa, àwọn ọmọdé ló ni í.

Èkejì ni kọ́sítádì ẹyin kékeré. Ilé oúnjẹ Spring Moon ní hòtẹ́ẹ̀lì Peninsula ló sọ ọ́ di olókìkí láti ọdún 1986 síwájú. Èèpo bọ́tà, inú ẹyin àti mílíìkì àgbọn pẹ̀lú pupa ẹyin oníyọ̀ tí wọ́n fọ́ sí i. Ẹ gbé e sínú ààrò kékeré ní 160 °C fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ó yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó tutù. Irú tuntun tí inú rẹ̀ ń ṣàn bí omi, liuxin, fọ́tò ló wà fún. Ẹ gé e kó ṣàn, ẹ ya àwòrán yín. Adùn ṣúgà nìkan ló kù lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹni tó bá lè dúró di ọjọ́ kẹrìnlá, kó lọ sí Tai Hang, àdúgbò kan ní Hong Kong, lálẹ́ wo dírágónì oníná tó gùn tó mítà 67, koríko tí wọ́n ki igi tùràrí sí lára káàkiri. A ò dúró.

Ọjọ́ kẹwàá. Chaozhou

Ibùdókọ̀ Chaoshan wà láàárín Chaozhou àti Shantou. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì tàbí tákísí wọ ìlú. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ará ibí ń pè ní *la*, òun ni wọ́n fi sọ kéèkì wọn ní *labing*. Èèpo rẹ̀ funfun, ó rí pẹrẹsẹ, ó sì ń ya ní ìpele ìpele. Ẹ̀wà aláwọ̀ ewé lílọ̀ tàbí kókò lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Ti kókò ni kí ẹ wá. Wọ́n á fi ooru omi sè é, wọ́n á gún un nígbà tó ṣì gbóná, wọ́n á sì rò ó mọ́ ọ̀rá àti ṣúgà. Bó bá tutù kí wọ́n tó gún un, kókó á kún inú rẹ̀, kò sì sí ọgbọ́n tó lè tún un ṣe mọ́. Kókò náà ní òórùn tirẹ̀ tí lótọ́ọ̀sì kò ní, ṣúgà rẹ̀ sì máa ń kéré. Láìsí iyèméjì, òun ló súnmọ́ ahọ́n Yorùbá jù lọ nínú gbogbo ìrìn-àjò yìí. Kókò ṣe pàtàkì níbí débi pé wọ́n ń fi sí ara ohun ìbọ òṣùpá lálẹ́ àjọ̀dún.

Tíì ibẹ̀ ni Fenghuang Dancong. Ewé gíráàmù 7 sínú ife olómọrí tó gba mílílítà 110, omi híhó, kí ẹ dà á jáde lọ́gán sínú ife kéékèèké. Ẹ má rẹ ẹ́ pẹ́ bíi Lipton, á korò.

Ọjọ́ kejìlá. Suzhou

Ọjọ́ tó ṣáájú lọ sórí irin. Bí àjọ̀dún bá bọ́ sí àárín ìsinmi orílẹ̀-èdè tó ń bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Kẹwàá, bó ṣe rí ní 2025, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí 12306, ìkànnì ọkọ̀ ojú irin China, gbàrà tí wọ́n bá ṣí títà rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú. Páàsì ni wọ́n fi ń wọ ọkọ̀.

Ní Suzhou, ẹ gbàgbé ṣúgà. Ẹ lọ sí òpópónà Guanqian, kí ẹ máa tẹ̀ lé òórùn. *Xianrou yuebing*, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tútù nínú èèpo tó ń fọ́ pẹ́pẹ́, ni wọ́n ń yan lójú gbogbo ènìyàn lórí páànù irin pẹrẹsẹ tó fẹ̀ bíi tábìlì. Òǹtẹ̀ pupa wà lórí rẹ̀. Yuan mélòó kan ni ẹyọ rẹ̀. Ẹ tò sórí ìlà, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń yí i: ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dojú kọ irin, kí orí rẹ̀ lè pẹrẹsẹ kó sì pọ́n, kó tó yí ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń yí i léraléra kò mọ iṣẹ́. Ìpele rẹ̀ á fọ́, omi ẹran á sì jò sórí irin.

Fún kéèkì mẹ́rìndínlógún: àpòpọ̀ olómi, ìyẹ̀fun 200, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ 70, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ 90, ṣúgà 20. Àpòpọ̀ ọlọ́ràá, ìyẹ̀fun kéèkì 150, ọ̀rá 75. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ rọ̀ bákan náà lábẹ́ ìka. Bí ọlọ́ràá bá rọ̀ ju olómi lọ, á ya jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rìndínlógún, ẹ fi olómi bo ọlọ́ràá, ẹ tẹ́ ẹ gùn, ẹ ká a bí ẹní, kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lábẹ́ aṣọ tútù, ẹ tún un tẹ́, ẹ tún un ká, kó tún sinmi. Ẹni tó ń kánjú kì í rí ìpele.

Ẹran 480, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kó jẹ́ ọ̀rá. Sọ́yà sọ́ọ̀sì ṣíbí méjì, ṣúgà ṣíbí méjì, atalẹ̀ rírin, iyọ̀ díẹ̀, òróró yànmọ̀ntì ṣíbí kan. Ẹ rò ó síbì kan náà títí á fi máa lẹ̀, kó wọ fíríìjì kó tutù dáadáa. Ẹran tó lọ́wọ́ọ́wọ́ á yọ́ ọ̀rá èèpo kó tó dé orí iná. Gíráàmù 30 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ní páànù irin, ààrò ní 190 °C, ojú sísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ yí i, kó tún lo ìṣẹ́jú méjìlá.

Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ náà jẹ ẹ́. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá lẹ́yìn tó kúrò lórí irin, kò ní bó ẹnu mọ́, omi ẹran rẹ̀ á sì ṣì máa ṣàn. Ẹ fi ọwọ́ kejì gba èérún tó ń já bọ́ lára èèpo rẹ̀, ẹ jẹ ìyẹn náà. Bó bá di wákàtí méjì, ọ̀rá ti dì, èèpo ti ń fà. Bó bá di dandan kí ẹ gbé e lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, páànù gbígbẹ lórí iná kékeré ni kí ẹ fi gbé e gbóná. Máíkúrówéèfù á sọ ọ́ di awọ.

Bó bá jẹ́ pé kéèkì òṣùpá kan ṣoṣo la máa gbé fún ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí, tí kò sì kọ ẹlẹ́dẹ̀, èyí ni.

Ọjọ́ kẹtàlá. Shanghai

Bí ìdajì wákàtí ni lórí irin. Oríṣi Suzhou kan náà ni wọ́n ń jẹ níbí, Guangmingcun ní Huaihai Lu sì ni ìlà rẹ̀ gùn jù. Ó dùn, ṣùgbọ́n kò dùn ju ti Suzhou débi tí a fi máa dúró wákàtí méjì.

A rí kéèkì Yunnan, ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn China, rà níbí: èèpo líle olóyin, inú rẹ̀ jẹ́ ẹran ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ láti Xuanwei tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pò mọ́ ṣúgà. Iyọ̀ àti oyin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó fẹ́ràn dòdò pẹ̀lú ẹ̀wà oníyọ̀ á lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Beijing

Ìṣẹ̀fẹ̀ àtijọ́ kan wà nípa kéèkì òṣùpá Beijing: wọ́n ní ó bọ́ sójú títì, ọkọ̀ gun orí rẹ̀, kò fọ́, ó kàn rì sínú ọ̀dà ni. Ìṣẹ̀fẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́.

*Zilaihong* ni ojúlówó ti ibí. Òróró yànmọ̀ntì ni wọ́n fi ń po èèpo rẹ̀, ó pọ́n, òrùka dúdú kan wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ihò kéékèèké tí ooru ń gbà jáde. Inú rẹ̀ jẹ́ ṣúgà oníkóró gbàgìgbàgì, wọ́nọ́ọ̀tì, kóró bàrà àti èèpo ọsàn aláwọ̀. Torí pé kò sí ọ̀rá ẹran nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń lò ó bọ òṣùpá. *Zilaibai*, ìkejì rẹ̀, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ó sì rọ̀. Daoxiangcun ti Beijing, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1895, ń ta méjèèjì ní ẹyọ. Fún hàláàlì, ẹ lọ sí Niujie, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí.

Ẹ má bu zilaihong jẹ bíi búrẹ́dì. Ẹ fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, kí ẹ fi tíì olódòdó jasmine gbígbóná sìn ín, kí ṣúgà oníkóró yẹn máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín eyín. Ọ̀pọ̀ àlejò á tu ú dànù. A fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo liuxin Hong Kong lọ.

Yuetan, ibi tí àwọn ọba Ming ti ń bọ òṣùpá láti 1530, ti di ọgbà ìgbafẹ́ báyìí. Tu'er Ye, ehoro alámọ̀ tó wọ aṣọ ogun, ló kún ojú ìsọ̀. Èyí tí wọ́n kùn lọ́wọ́ ni kí ẹ rà, kí ẹ dì í sínú aṣọ, etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣẹ́.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún. Beijing

Owó ti já wálẹ̀ láàárọ̀ yìí. Lótọ́ọ̀sì oníke tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀ ló yẹ fún ìrìn-àjò. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kì í ṣe ọjọ́ tó máa bàjẹ́ nìkan. Ní 2001, tẹlifíṣọ̀n CCTV tú àṣírí ilé iṣẹ́ kan ní Nanjing tó ń fi ohun inú ọdún tó kọjá ṣe kéèkì tuntun, gbogbo ọjà ló sì fara gbá a lọ́dún yẹn. Bó bá ń rùn bíi òróró tó kan, ẹ jù ú nù.

Bingpi àti ti ẹran tútù kò ṣeé gbé lọ síbì kankan. Ẹni tó ń padà sí Amẹ́ríkà, kó fi èyí tó ní ẹran tàbí pupa ẹyin sílẹ̀, torí kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á; kó ra ti ẹ̀wà pupa tàbí lótọ́ọ̀sì tí kò ní ẹyin, kó sọ ọ́ nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fún un, kó má sì tú u kúrò nínú páálí rẹ̀, nítorí àkọlé ohun èlò ara páálí náà ni òṣìṣẹ́ á kà.